Bàbá Àgbà Kò Yin Òdòdó Mi Rí

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n màámi tó ń jẹ́ Gàníyù dìde, ó sì ka ìwé kan sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ó ní onísùúrù ni bàbá òun. Ó ní ẹnu wọn tutù bí omi àmù, pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láyé wọn. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín.

Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa lò fún Gàníyù, torí ó ti dàgbà kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Èkó, tí kò wọ mọ́tò wá kí bàbá rẹ̀ ní Ọ̀tà fún odidi ọdún mẹ́rin, "ó" gan-an ti pọ̀ jù fún un. Mo wo ojú àwọn aládùúgbò tó jókòó síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí bàbá àgbà kò bú rí. Ọkùnrin tí àmín tirẹ̀ lọ sókè jù, télọ̀ ni. Gbogbo ṣòkòtò tó bá rán ni bàbá àgbà máa ń pè ní àpò méjì tí wọ́n so pọ̀.

Làmídì Àkànní, bàbá tó bí màámi, kì í ṣe onísùúrù. Ẹlẹ́gàn ni wọ́n. Wọ́n kẹ́gàn oúnjẹ, wọ́n kẹ́gàn aṣọ, wọ́n kẹ́gàn ilé tuntun tí àwọn ará Èkó ń kọ́ sí Ìjòkó. Èmi ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n sì kẹ́gàn jù lọ. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, mi ò ní bu iyọ̀ sí i, mi ò sì ní fọ̀ ọ́ mọ́. Bí mo bá fọ̀ ọ́ mọ́, àwọn gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ará Ẹdẹ ni wọ́n. Ìgbà tí iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Sàngó ni wọ́n kó wá sí Ọ̀tà, wọ́n sì rí iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aláṣọ kan, ní yàrá àwọn ayàwòrán. Àwọn ló ń ya òdòdó àti ewé tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ sára àńkárá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, bí obìnrin bá ń kọjá lọ ládùúgbò wa, bàbá àgbà kì í wo ojú rẹ̀. Ìró rẹ̀ ni wọ́n ń wò, bóyá iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ìró àti bùbá tuntun. Gbogbo èèyàn ń kí i pé aṣọ náà yẹ ẹ́. Bàbá àgbà mọ òdòdó ara aṣọ náà, torí àwọn ni wọ́n yà á, wọ́n sì rí i pé télọ̀ ti gé e sódì, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ ni gbogbo òdòdó dojú kọ. Wọ́n gbé àwo ìrẹsì wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Màdáàmù, ẹ rọra máa rìn o. Gbogbo òdòdó ara yín ló ń já bọ́."

Nígbà tí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà kò ra nǹkan mọ́, aró tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun di ọ̀wọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ ní Sàngó ń pa ẹ̀rọ wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Iléeṣẹ́ bàbá àgbà ti yàrá àwọn ayàwòrán pa. Máníjà ní àwọn á máa ra àwòrán tí àwọn òyìnbó ti yà sílẹ̀, pé ìyẹn ò la ariwo lọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n dá dúró, lẹ́tà kan àti aago ara ògiri kan ni wọ́n kó fún un. Bàbá àgbà gbé aago tiwọn wálé, wọ́n mú ìṣó, wọ́n sì lọ kàn án mọ́ ògiri ilé ewúrẹ́. Màámi bi wọ́n pé kí ni ewúrẹ́ fẹ́ fi aago ṣe. Wọ́n ní, "Kí òun náà lè mọ ìgbà tí wọ́n máa lé e."

Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kì í fẹ́ ká rí i. Bí àlejò bá wà níjòókòó, wọ́n á jókòó lé ọwọ́ náà bí ẹni tó jókòó lé àpamọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá wọn dúró, wọn kò ya nǹkan kan mọ́, a ò sì gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè.

Ẹnu ló kù tí wọ́n ń lò. Ìyá Sàlíù tó ń gbé ojúkojú wa ra òdòdó oníke sí pálọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń fi ọṣẹ fọ òdòdó náà, wọ́n á sá a sórí okùn pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ. Bàbá àgbà lọ kí wọn nígbà ọdún. Wọ́n wọ pálọ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọn kò wo ọ̀dọ̀ onílé rárá. Òdòdó ni wọ́n tẹríba fún. Wọ́n ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Iléeṣẹ́ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, bàbá mi sì ti gba Kánò lọ wáṣẹ́. Èmi àti màámi kó lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Wọ́n ti lé mi wálé láti iléèwé nítorí owó, mo kàn ń jókòó sílé lójoojúmọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, mo fi báírò ya òdòdó róòsì sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mo sì fi pẹ́ńsù kùn ún ní pupa. Mo rò pé ó dára. Mo gbé e lọ bá bàbá àgbà.

"Kí nìyí?"

"Róòsì ni, sà."

"Níbo lo ti rí róòsì?"

"Lára káàdì ọdún, sà."

"Nínú gbogbo Ọ̀tà yìí, ṣé o ti rí ibi tó ti hù rí?"

"Rárá, sà."

Wọ́n dá a padà fún mi. "Kábéèjì tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni."

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n wá igi pẹlẹbẹ mẹ́rin wá. Wọ́n ní aṣọ tẹ́rù kan tó nípọn nínú àpótí wọn. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fà á le mọ́ igi, pé àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣó, wọ́n á wá máa lọ sí igun. Wọ́n ní kánfáàsì ni orúkọ rẹ̀. A fi sítáàṣì pa á lára, a sá a, a kùn ún ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì, a sì fi sáńpépà ha á títí ó fi dán. Gbogbo rẹ̀, ọwọ́ mi ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n jókòó lé ọwọ́ tiwọn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí màámi gbin ilá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Òdòdó kan ṣoṣo ló là lórí ilá náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Jókòó síwájú ẹ̀."

"Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́, sà?"

"Ta ló bèèrè búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ? Ojú ni mo ní kó o gbé wá."

Mo jókòó ti òdòdó ilá títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n yí ẹ̀yìn sí i, kí n wá sọ iye ewé tí òdòdó náà ní. Mo ní mẹ́fà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ẹran tó ti bàjẹ́.

"Márùn-ún ni. O ti fi ọ̀kan kún iṣẹ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run ò sì bẹ̀ ọ́ níṣẹ́."

Ọjọ́ kẹta ni mo tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Ẹni tó bá ń se ilá lásán kì í mọ̀ pé òdòdó rẹ̀ kì í pẹ́. Àárọ̀ ló ń là. Bí oòrùn bá ti dé àárín orí, ó ti ń pa dé, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti já. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ yára. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ṣókùnkùn. Mo mú ọ̀dà dúdú láti fi kùn ún. Bàbá àgbà gbá búrọ́ọ̀ṣì dànù lọ́wọ́ mi.

"Dúdú wo? Ṣé ihò lo rí níbẹ̀ ni?"

Wọ́n ní kí n po pupa mọ́ búlúù díẹ̀, kí n kán ọ̀dà aláwọ̀ ewéko sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pò ó, mo pò ó, títí ó fi dà bí obì pupa tí wọ́n là sílẹ̀ tó ti pẹ́. Wọ́n ní kí n bomi sí àwọ̀ ewé òdòdó, kí n jẹ́ kí funfun kánfáàsì máa yọ láti abẹ́ rẹ̀, kí n má rẹ́ ẹ bí ẹni tó ń rẹ́ ògiri. Wọ́n ní kí n wo bí etí ewé kọ̀ọ̀kan ṣe gun orí èkejì, bí èèyàn márùn-ún tó há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì ẹni mẹ́ta. Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ dídùn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ní gbogbo ìgbà ẹ̀kọ́ náà.

Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á wá wò ó. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì mú ọ̀bẹ, wọ́n á sì ha gbogbo rẹ̀ kúrò lára kánfáàsì. Mo máa tún un kùn ní funfun, mo máa tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú òdòdó mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lónìí tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní àwòrán yíyà, tí wọ́n ń gbé róòsì ara káàdì wá fún mi, mi ò jẹ́ fi ọ̀bẹ ha iṣẹ́ ọmọ kankan. Lọ́jọ́ tí mo sunkún, tí omijé ń kán, bàbá àgbà fa kánfáàsì sẹ́yìn kúrò níwájú mi. "Kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi iyọ̀ ò dáa fún ọ̀dà."

Ó sú màámi. Wọ́n wá dúró tì wá lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Bàbá, ọmọ yìí ò lọ síléèwé, ẹ̀ ń kọ́ ọ ní òdòdó. Ṣé òdòdó la máa jẹ?"

Bàbá àgbà ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ilá ni, ìwọ ọmọ yìí. Bó bá dọ̀tunla, wá ká a."

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n wá wò ó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n dúró pẹ́. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ òsì wọn. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, wọ́n ti ń ti ọ̀bẹ bọ àpò. Wọ́n ní, "Ewé kejì ṣì wọ́. Gbé e wọlé kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́."

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí máníjà tó fọwọ́ sí lẹ́tà ìdádúró wọn fi gbé mọ́tò wá sílé wa. Ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó ń fi àǹkáṣíìfù nu ọrùn. Ó ní àwòrán òyìnbó tí àwọn rà kò tà, pé àwọn obìnrin ọjà ní àwọn ò mọ irú òdòdó wo nìyẹn. Ó ní ọ̀gá pátápátá ti gbà kí àwọn mú ayàwòrán kan ṣoṣo padà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ rí iṣẹ́ tuntun láti ọwọ́ ẹni náà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sára kánfáàsì mi tó fara ti ògiri. Ó dìde. Ó súnmọ́ ọn.

"Ẹn-ẹ́n! Bàbá, ọwọ́ yín ò tíì kú rárá. Èyí gan-an ni mo máa gbé lọ fún ọ̀gá. Ẹ kàn sáìnì ẹ, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ojú wọn. Gààrí la jẹ láàárọ̀, gààrí náà la tún máa jẹ lálẹ́. "Èmi ni mo yà á" péré ló kù kí bàbá àgbà sọ.

Bàbá àgbà ní, "Ta ló ní èmi ni mo yà á? Ọmọ yìí ni. Ṣé ẹ ò rí ewé kejì bó ṣe wọ́ ni? Ṣé irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún yín nìyẹn?"

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Kò burú náà. Ta ló máa mọ̀? Ẹ ṣáà kọ orúkọ yín sí i. Ọmọ náà ò ní bínú. Àbí, ọmọ dáadáa?"

Mo ní, "Mi ò ní bínú, sà." Òtítọ́ ni mo sì sọ. Ebi ń pa mí.

Bàbá àgbà yíjú sí mi. Wọ́n ti wò mí tìkà-tẹ̀gbin lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì rí irú ẹ̀ títí di òní. "Rísì, lọ mú búrọ́ọ̀ṣì wá."

Mo mú un wá.

"Kọ orúkọ ẹ sísàlẹ̀ níbẹ̀."

Mo kọ ọ́ lójú máníjà. Rísíkátù. Lẹ́tà náà rí wúruwùru.

Máníjà gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Bàbá, ìgbéraga yìí máa pa yín o."

Bàbá àgbà ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ya òdòdó fún yín, ẹ ò kọ orúkọ mi sí ọ̀kan rí. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe èèyàn. Ẹ máa lọ."

Màámi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo kẹ́gàn wọn bí àwọn náà ṣe ń kẹ́gàn gbogbo ayé. Mo ní, arúgbó agbéraga ni wọ́n, wọ́n gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu wa nítorí lẹ́tà wúruwùru kan. Mo dojú kánfáàsì náà kọ ògiri. Bàbá àgbà rí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sọ fún wa pé àwọn ti ríṣẹ́. Wọ́n ní ọlọ́rọ̀ kan wà ní Ìjòkó tó fẹ́ kí àwọn máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àwòrán. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń wọ dàńṣíkí funfun wọn, wọ́n á gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n á jáde. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo padà síléèwé. Dípò kí n yọ̀, ọmọ Ìjòkó yẹn ni mo ń jowú. Mo rò pé wọ́n ń yìn ín. Mo rò pé róòsì ni wọ́n jẹ́ kó máa yà. Lọ́jọ́ kan, mo fi ìgboyà bi wọ́n pé, "Ṣé ó mọ̀ ọ́n yà jù mí lọ ni, sà?"

"Kì í ráhùn bíi tìẹ."

Ó ti ju ọdún kan lọ tí wọ́n ti ń lọ sí Ìjòkó kí iléèwé wa tó kó wa lọ wo iléeṣẹ́ ní Sàngó. Iléeṣẹ́ aláṣọ yẹn gan-an ni. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé inú etí ara wa la ti ń sọ̀rọ̀. Aṣọ ń sáré gba orí ẹ̀rọ kọjá bí odò, tíṣà wa ń nawọ́ sí i. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Bọ́lá ló wà lẹ́yìn. Láàárín ẹ̀rọ méjì, mo rí ẹnì kan tó wọ káàkì, tó tẹ̀ bá ìgbálẹ̀ gígùn. Ó gbé orí sókè.

Bàbá àgbà ni.

Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di ìgbálẹ̀ náà mú, ọ̀tún tó ń gbọ̀n àti òsì.

Bọ́lá gbá mi lápá. "Rísì, bàbá yẹn ń wò ẹ́ o. Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?"

Mo ní, "Rárá."

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Wọ́n tẹ̀, wọ́n ń bá ilẹ̀ gbígbá lọ. Máníjà gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú tíṣà wa, ó tẹ òkìtì ìdọ̀tí tí wọ́n ti gbá jọ, ó sì fọ́n ọn ká. Kò wo ilẹ̀. Wọ́n tún un gbá jọ. Mo ti kẹ́gàn èèyàn púpọ̀ láyé mi, mo kẹ́gàn Gàníyù, mo kẹ́gàn máníjà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo kẹ́gàn tó ọmọbìnrin tó dúró níbẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù tí ìgbálẹ̀ yẹn rà fún un.

Nírọ̀lẹ́, bàbá àgbà wọlé pẹ̀lú dàńṣíkí funfun wọn. Màámi wà nídìí ààrò níta. Bàbá àgbà jókòó lé ọwọ́ wọn.

"Wọ́n ní ẹ lọ wo iléeṣẹ́ lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo rí?"

"Ẹ̀rọ, sà. Aṣọ."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Àwọ̀ wo ni?"

"Eérú, sà."

"O ò wò ó. Búlúù ni. Aró ti ń kán síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni tó ń gbá a bá gbá a dáadáa, á yọ, àgàgà lápá ibi fèrèsé. Ó dára ju gbogbo aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí wọ́n pe nǹkan kan ní dídára nìyẹn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Dìde níbẹ̀, ò ń dí ìmọ́lẹ̀."

A kò sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ dàńṣíkí funfun wọn, wọ́n gbé báàgì kọ́ èjìká. Màámi bi wọ́n bóyá ọmọ Ìjòkó ń ṣe dáadáa. Wọ́n ní ó ń gbìyànjú.

Mo tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi kí ọmọ Ìjòkó náà."

Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n kẹ́yìn sí mi. "Màá jíṣẹ́," wọ́n wí, wọ́n sì gba ọ̀nà iṣẹ́ lọ.